Orí Keje: Ọjà Adìyẹ àti Ìpàtẹ Ẹyẹ Nígbà Tí Àrùn Bá Wọ̀lú

Ẹni tí ọjà wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni orí yìí wà fún: ìyálọ́jà, alága ẹgbẹ́ aládìyẹ, akọ̀wé ẹgbẹ́, àti ẹni tó ń ṣètò ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn fún iléèwé tàbí ìjọba ìbílẹ̀. Olóko ti ní orí tirẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tó wà níhìn-ín, ẹ má gbàgbé òfin kan yìí: ohun tó bá ti wọ ọjà adìyẹ kò gbọdọ̀ padà sí oko bó ṣe wọlé. Adìyẹ tí kò tà, àgò, pálí ẹyin, táyà ọkọ̀, bàtà awakọ̀, kò sí èyí tí òfin náà yọ sílẹ̀. Àwọn kan gbà pé títi ọjà pa nìkan ni oògùn àrùn ẹyẹ. Ọjà lè wà ní títì kí àrùn ṣì máa ti ibẹ̀ wọ oko, bí àgò ẹlẹ́gbin bá ṣáà ń bá ọkọ̀ òfìfo padà sí abúlé lálẹ́.

Ìdí tí àrùn fi ń rí àyè lọ́jà

Oṣù Kejì ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ fìdí àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní oko kan ní Jaji, Ìpínlẹ̀ Kaduna. Òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tó tún yọjú ní oṣù Kìíní ọdún 2015, Kano àti Èkó ni ìròyìn rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde, ọjà adìyẹ sì ni ti Èkó. Èyí kò yani lẹ́nu. Bí àrùn bá pa adìyẹ inú ilé kan tán lóko, kò rí òmíràn mú mọ́ níbẹ̀. Lọ́jà, àlejò tuntun ń dé láràárọ̀. Òlọ́dù léyà láti Ògùn, adìyẹ ìbílẹ̀ àti ẹtù láti òkè Ọya, pẹ́pẹ́yẹ tí ẹnìkan gbé wá láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, gbogbo wọn á pàdé lábẹ́ páànù kan náà. Wọn á to àgò lé ara wọn, ìgbẹ́ tòkè á máa bọ́ sínú omi tí tìsàlẹ̀ ń mu. Ẹyẹ tó bá ti ń ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, òun gan-an ni kò ní tètè tà, òun ni yóò pẹ́ jù níbẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ ni kí ẹ fura sí jù lọ. Ó lè gbé fáírọ́ọ̀sì yìí kiri kí ó sì máa jẹun, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ, láìsí àmì kankan lára rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ìgbẹ́ ẹyẹ, fáírọ́ọ̀sì H5N1 lè wà láàyè fún ọjọ́ 35 bí ibẹ̀ bá tutù tó ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bí ooru bá dé ìwọ̀n 37, ó tó ọjọ́ 6. Ẹlòmíràn á ka èyí kí ó sì dúpẹ́ pé ilẹ̀ wa gbóná. Ẹ tún un rò. Ọjà ọlọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ ọjà ìbílẹ̀ wa. Ìgbẹ́ tí adìyẹ ọjà òní yà sílẹ̀ ṣì lè ran adìyẹ ọjà tó ń bọ̀, nínú ooru wa náà. Abẹ́ àtíbàbà tó tutù, etí gọ́tà tí oòrùn kì í dé, yóò tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Hong Kong ni ìlú tó kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́ ọjà adìyẹ. Ní ọdún 1997, àrùn yìí mú ènìyàn 18 níbẹ̀, 6 nínú wọn kú. Ìjọba pa gbogbo adìyẹ ìlú náà, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Síbẹ̀ wọn kò fòpin sí títa adìyẹ láàyè, nítorí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bí àwa náà ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n tún ọjà wọn ṣe: wọ́n yọ pẹ́pẹ́yẹ kúrò láàárín adìyẹ, láti ọdún 2001 wọ́n fi ọjọ́ ìsinmi kan lélẹ̀ lóṣooṣù tí gbogbo ìsọ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo kí wọ́n sì fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà wọ́n yọ àparò, nígbà tó di ọdún 2008 wọ́n ní ẹyẹ kankan kò gbọdọ̀ sùn lọ́jà mọ́. Àwọn onímọ̀ tó ń gba àyẹ̀wò nínú ìsọ̀ rí i pé fáírọ́ọ̀sì dín kù bí òfin ṣe ń pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo máa kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti wá; ìyókù ni mo gé bá ìwọ̀n ọjà tiwa.

Ohun tí ojú lè rí

Adìyẹ púpọ̀ á kú lójijì, nígbà mìíràn láìsí pé wọ́n ṣàìsàn rárá. Ogbe orí á di aró tàbí kó dúdú. Ojú àti àgbọ̀n á wú. Ẹsẹ̀ á ní àmì ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ. Ìgbẹ́ á ṣàn, á máa ní àwọ̀ ewé. Ọrùn á lọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé lúkúlúkú náà máa ń lọ́ ọrùn adìyẹ, ó máa ń pa wọ́n wàràwàrà, ìgbẹ́ rẹ̀ náà sì máa ń ní àwọ̀ ewé. Kò sí àgbà aládìyẹ tó lè fi ojú lásán ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, bó ti wù kí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó. Ilé àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́, èyí tó sì tóbi jù fún iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà wà ní Vom, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi gbọ́dọ̀ ní òfin tí kò dúró de orúkọ àrùn. Àbá tèmi ni pé bí ẹyẹ tó ju ẹyọ kan lọ bá kú nínú àgò kan láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́, kí títà dúró ní ìsọ̀ náà, kí akọ̀wé pe dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni la òkú náà láti wo inú rẹ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, ẹ gbé e sí òjìji, kí ẹni tó gbé e fọ ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Alága á dé ìsọ̀, á ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí dókítà dé." Ìyá á dá a lóhùn pé, "Alága, mẹ́ta péré ló kú, lúkúlúkú lásán ni. Ọ̀la ni mo fẹ́ san àjọ. Ta ni yóò bá mi san án?" Bí alága kò bá ní èsì sí ìbéèrè yẹn, àwọn adìyẹ tó kù á ti tà ní ẹ̀dínwó kí oòrùn tó wọ̀, alárobọ̀ kan á ti kó wọn lọ sí ọjà mìíràn. Owó gbà-má-bínú ìjọba, bó bá tilẹ̀ máa wá, kì í wá lọ́jọ́ kejì, àti pé lọ́pọ̀ ibi, ẹyẹ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kà láàyè kí wọ́n tó pa á ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe èyí tó ti kú. Nítorí náà, kí àrùn tó dé, ẹ dá àpò kan sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Díẹ̀ lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá já ẹrù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni owó náà wà fún: kí ẹni tó bá pariwo síta má ṣe pàdánù ju ẹni tó fi pamọ́. Mo gbà pé àpò yìí wúlò ju ọgọ́rùn-ún pátákó ìkìlọ̀ lọ.

Ẹnu ọ̀nà, àgò àti pálí

Nígbà tí ìròyìn àrùn bá ti wà ní ìpínlẹ̀ yín tàbí ní èyí tó múlé gbè yín, ẹ fi ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ọkọ̀ ẹyẹ. Kí akọ̀wé máa kọ ọjọ́, nọ́ńbà ọkọ̀, ibi tí ẹrù ti wá, irú ẹyẹ àti iye rẹ̀, nọ́ńbà fóònù ẹni tó kó o wá, àti ìsọ̀ tí wọ́n já a sí. Ìwé ọlọ́gọ́rùn-ún ewé kan tó. Ọjọ́ tí dókítà bá béèrè ibi tí adìyẹ aláìsàn ti wá, ìwé yìí ni yóò gba ọjà yòókù sílẹ̀.

Àgò ni kókó. Àgò onígi àti ti ọparun máa ń fa omi ìgbẹ́ mu. Ẹ lè fọ ojú rẹ̀, ẹ kò lè fọ inú igi. Àgò ike tàbí onírin ni kí ẹ máa lò. Lẹ́yìn náà, ẹ pín àgò sí ọ̀nà méjì. Èyí tó jẹ́ ti ọjà, ẹ fi ọ̀dà pupa kùn ún, kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà láé. Èyí tó ti oko wá kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n ti máa kó ẹyẹ láti inú ọ̀kan sínú èkejì. Àgò oko á gba omi ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò, táyà ọkọ̀ náà á gbà á, kí ọkọ̀ tó yí padà. Awakọ̀ kò ní ìdí láti wọ inú ọjà. Bó bá fẹ́ jẹun, kí wọ́n gbé oúnjẹ jáde fún un.

Pálí ẹyin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: ìyẹ́ kéékèèké, ìgbẹ́ tó ti gbẹ, omi ẹyin tó fọ́ tó sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Pálí kan náà lè ti oko dé ọjà, kó ti ọjà dé ilé oníbúrẹ́dì, kó padà sí oko mìíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè. Ìwé ni, kò ṣeé fọ̀. Nígbà àrùn, pálí ìwé gbọ́dọ̀ parí ìrìn rẹ̀ lọ́dọ̀ oníbàárà tàbí nínú iná. Olóko tó bá ní òun fẹ́ kí wọ́n dá pálí òun padà, kí ó lọ ra ti ike, èyí tí ẹ ó máa fọ̀ fún un.

Kí adìyẹ, tòlótòló àti ẹtù wà ní apá kan, kí pẹ́pẹ́yẹ wà níbi tó jìnnà sí wọn pẹ̀lú omi tirẹ̀, tàbí kí ẹ má gbà á wọlé rárá títí àrùn á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Èmi á ní kí ẹ má gbà á.

Kí ẹyẹ má sùn lọ́jà, kí ó má sì jáde láàyè

Òfin méjèèjì yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tí adìyẹ kò tà lọ́wọ́ rẹ̀ á ní ibo ni kí òun gbé e sí. Ẹ má jẹ́ kó gbé e lọ sílé, nítorí ilé ni adìyẹ ọmọ rẹ̀ àti ti aládùúgbò wà. Kí wọ́n pa ohun tó kù ní ìrọ̀lẹ́, kí ó wọ fírísà. Bí iná mànàmáná ò bá ṣeé gbára lé ládùúgbò yín, ẹ dín iye tí ọkọ̀ ń kó wá láàárọ̀ kù. Ìyẹn rọrùn ju epo jẹnẹrétọ̀ lọ.

Oníbàárà náà ní tirẹ̀. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé adìyẹ wà láàyè, kí wọ́n má lọ ta òkú fún òun. Mùsùlùmí fẹ́ mọ̀ pé wọ́n dárúkọ Ọlọ́run sí i. Kò sí èyí tí kò tọ́ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó yan èyí tó wù ú, kí alápatà pa á níṣojú rẹ̀, kí àwọ̀n tàbí gíláàsì wà láàárín wọn kí ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ má ta sí i lára. Adìyẹ tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n gbé kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà tó ń fò pìpìpì gba àárín ìgboro kọjá, ìyẹn gan-an ni òfin yìí fẹ́ dá dúró. Àwọn tó nílò ẹyẹ láàyè fún ètùtù kò ní ṣàìsí, ẹ má sì lé wọn dà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á ní kọ̀rọ̀. Ẹ kọ orúkọ wọn, ẹ fi ẹyẹ náà sínú páálí tí ẹ lu ihò sí, ẹ sì sọ fún wọn pé kò gbọdọ̀ bá adìyẹ ilé pàdé.

Ibi ìpẹran gbọ́dọ̀ jìnnà sí àgò ẹyẹ ààyè, kí afẹ́fẹ́ má máa ti ibẹ̀ fẹ́ wá. Ẹ̀rọ ìtuyẹ́ máa ń fọ́n omi káàkiri, ẹ bò ó. Ìfun, ìyẹ́ àti orí, ẹ kó wọn sínú ike onídérí, kí wọ́n lọ sí kòtò jíjìn tí ẹ ó da ẹfun sí, tàbí kí ẹ sun wọ́n. Àwọn ọlọ́sìn ẹja àrọ̀ á wá bẹ̀ yín pé kí ẹ ta òkú adìyẹ àti ìfun fún wọn. Àwọn ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ á wá. Àwọn àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ á wá béèrè ìgbẹ́ adìyẹ. Ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé kò sí, títí dókítà á fi ní ó tó.

Fífọ ọjà

Ohun tí mo máa ń bá àwọn alábòójútó ọjà jà lé lórí nìyí: wọ́n á da oògùn apakòkòrò lé ìgbẹ́, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò, wọ́n á ní àwọn ti fọ ọjà. Ìgbẹ́ á kàn gba agbára oògùn náà ni, fáírọ́ọ̀sì á wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìfarapa. Ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi díẹ̀ kí eruku má gbéra, kí ẹ fi ṣọ́bìrì họ ìdọ̀tí kúrò. Ẹ wá fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, pàápàá ojú oríta àgò àti ìdí tábìlì. Ẹ ṣàn án. Ẹ jẹ́ kí ó ro. Nígbà náà ni kí oògùn tó dé. Bí bílíìṣì lẹ ní, tí a kọ 3.5% sí ara ìgò rẹ̀, ife 1 sínú omi ife 6 ni yóò fún yín ní 0.5%. Òní ni kí ẹ po èyí tí ẹ ó lò lónìí, nítorí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, ẹ má sì pò ó mọ́ oògùn mìíràn, afẹ́fẹ́ májèlé ló máa ti ibẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí ó wà lórí nǹkan fún ìṣẹ́jú tí ara ìgò sọ kí ẹ tó fi omi ṣan irin, kí ó má dípẹtà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ tì í

Ní Yúróòpù, bí àrùn bá wà ní oko kan, wọ́n á fa òbìrìkìtì kìlómítà 3 yí i ká, wọ́n á tún fa ti kìlómítà 10 sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn kì í sì gbà kí wọ́n kó ẹyẹ jọ sí ọjà tàbí ìpàtẹ nínú wọn. Bí ìjọba kò bá tíì bá yín sọ̀rọ̀, ẹ lè fi ìwọ̀n yẹn díwọ̀n ara yín: bí oko tí wọ́n ti rí i kò bá tó kìlómítà 10 sí yín, ẹ dá ọkọ̀ ẹyẹ dúró kí ẹ tó gba lẹ́tà.

Bí Shanghai ṣe ti ọjà adìyẹ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2013 nítorí H7N9, irú ọ̀fìnkìn ẹyẹ mìíràn, iye ènìyàn tí àrùn náà ń mú wálẹ̀ kíákíá. Nítorí náà mi ò ní sọ pé títì kò wúlò. Ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n tì láìdá ọjọ́ ṣíṣí á kàn ṣí lọ sí etí ọ̀nà márosẹ̀ ni, níbi tí kò sí omi, tí kò sí akọ̀wé. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n á tún un wò. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa fi adìyẹ tó wà nílẹ̀ ṣe. Bó bá súnmọ́ Kérésì tàbí Àjíǹde, ẹ rọ ìjọba pé kí ó jẹ́ kí adìyẹ tí wọ́n ti pa lóko tí dókítà ti yẹ̀ wò máa wọlé, kí àwọn ènìyàn yín lè rí nǹkan tà.

Ìpàtẹ ẹyẹ

Ìpàtẹ yàtọ̀ sí ọjà nítorí pé ẹyẹ tó wá síbẹ̀ ló máa padà sílé. Ìyẹn ni ewu rẹ̀. Àkùkọ tó gba ẹ̀bùn á padà lọ gun abo tó wà lágbàlá. Ìdí nìyí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń fòfin de kíkó adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ jọ nígbà tí àrùn bá gbilẹ̀, tí àwọn ìpínlẹ̀ bíi Iowa àti Minnesota ní Amẹ́ríkà sì fagi lé ìpàtẹ adìyẹ ní ọdún 2015, nígbà tí nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ẹyẹ ṣòfò níbẹ̀. Èrò tèmi kò fara pamọ́: bí àrùn bá wà ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé àwòrán, ìwé àkọsílẹ̀ oúnjẹ àti ẹyin sísè wá. Ẹ lè fi ìyẹn díje.

Bó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ jíjìn ni àrùn wà, tí ìjọba sì yọ̀ǹda, kí dókítà ẹranko wo ẹyẹ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí àgò má kan àgò, kí ife omi má jẹ́ àjùmọ̀lò, kí ẹnikẹ́ni má tà, kí ó má rà, kí ó má ṣe pààrọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni kí ó jẹ́. Tí ẹyẹ náà bá padà délé, kí ó dá wà ní ibi tó jìnnà sí àwọn yòókù fún ọjọ́ 21, kí ẹni tó ń bọ́ ọ kọ́kọ́ bọ́ àwọn ti ilé ná.

Ara ènìyàn

Kò wọ́pọ̀ kí àrùn yìí mú ènìyàn, ṣùgbọ́n bó bá mú un, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, obìnrin ọmọ ọdún 22 kan kú ní Èkó. Òun ni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Alápatà àti atuyẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ra ìbọ̀wọ́, ìbomú àti bàtà rọ́bà fún. Kí ọmọdé má sí níbi ìpẹran. Bí ibà, ikọ́ tàbí ojú pípọ́n bá mú ẹnikẹ́ni nínú wọn láàárín ọjọ́ 10 lẹ́yìn tó fọwọ́ kan ẹyẹ aláìsàn, kí ó sọ fún dókítà ní ọsibítù pé adìyẹ ni iṣẹ́ òun. Kí wọ́n má lọ kàn máa fún un ní oògùn ibà. Ẹran àti ẹyin tí a sè jinná kò ní wàhálà.

Ṣíṣí padà

Ẹ má fi ìdùnnú ṣí ọjà. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní òfìfo, ẹ tún un fọ̀, kí dókítà wá gba àyẹ̀wò láti ara àgò, tábìlì àti gọ́tà. Ìwé rẹ̀ ni kí ẹ dúró dè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ gba ọkọ̀ láti oko tí ẹ mọ olówó rẹ̀ nìkan. Ìwé ẹnu ọ̀nà, àgò pupa àti òfin pé kí ẹyẹ má sùn lọ́jà á ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wá yan ọjọ́ ìsinmi tí gbogbo ìsọ̀ á ṣófo fún fífọ̀. Lóṣooṣù ni Hong Kong ṣe é nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ á dára jù bí omi bá wà. Ẹ má yàn án fún àwọn aládìyẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yàn án nípàdé. Ọjọ́ kejì ọjà ńlá ni wọ́n sábà máa ń mú, nítorí ọjọ́ yẹn ni adìyẹ máa ń kéré jù nínú àgò.